Ọpẹ́ Ohun Kékeré: Ibi tí Ìfẹ́ ń Gbé nínú Ayé Ojoojúmọ́

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni ọpẹ́ àti ìfẹ́ nínú àwọn ìgbádùn kéékèèké. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti bà jẹ́ ni. Béèyàn ò bá ṣọ́ra, ìwàásù lásán ni yóò fi ṣe: ẹ máa dúpẹ́, ẹ máa rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ á dára. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbọ́ ìyẹn lọ́jọ́ Jímọ̀ àti lọ́jọ́ Ìsinmi! Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ lónìí. Èkíní, adùn kéékèèké ojoojúmọ́ ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìdùnnú ọmọ ènìyàn dání. Èkejì, adùn yìí máa ń sá mọ́ ẹni tí kò bá fi ọpẹ́ ṣọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, bí a bá tọ ipasẹ̀ ọpẹ́ náà dé ìdí, ọ̀dọ̀ ènìyàn kan ni yóò mú wa dé, ibẹ̀ sì ni ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Àkàrà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kà á sí nǹkan bàbàrà kò pọ̀.

Ohun tó ń pa adùn kéékèèké jù láyé ni pé wọ́n tètè ń mọ́ni lára. Ẹ̀rọ amúlétutù tí a rà, tí a ń pe ará àdúgbò wá wò, oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà a ò ní rántí pé ó wà níbẹ̀ àfi bó bá bàjẹ́. Ní ọdún 1978, Philip Brickman àti akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn 22 tí wọ́n jẹ owó ńlá nínú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ìpínlẹ̀ Illinois. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn mìíràn tó ń gbé ní agbègbè kan náà tí wọn ò jẹ nǹkan kan. Ohun tí gbogbo ènìyàn rántí nínú ìwádìí náà ni pé àwọn tó jẹ owó kò fi bẹ́ẹ̀ láyọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Apá tó kàn wá lónìí ni èyí tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà. Wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe ń gbádùn nǹkan wẹ́wẹ́ sí: ká bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, ká jẹ oúnjẹ àárọ̀, ká gbọ́ àwàdà tó pani lẹ́rìn-ín. Àwọn olówó tuntun wọ̀nyí ni kò gbádùn wọn tó àwọn aládùúgbò wọn. Ní 2010, Jordi Quoidbach àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tún gba ọ̀nà mìíràn wò ó. Wọ́n fi àwòrán owó han àwọn kan kí wọ́n tó fún wọn ní ṣokoléètì. Àwọn tó rí àwòrán owó kánjú jẹ ẹ́ ju àwọn tí kò rí i lọ, ìgbádùn kò sì hàn lójú wọn tó ti àwọn yẹn. Wọn kò gba kọ́bọ̀ kan o. Owó ṣáà gba ọkàn wọn kọjá ni, adùn tó wà lẹ́nu wọn sì dín kù.

N kò torí èyí sọ pé owó kò wúlò. Ènìyàn díẹ̀ ni Brickman bá sọ̀rọ̀, àwọn ìwádìí tó tóbi ju tirẹ̀ lọ sì ti jáde lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí Erik Lindqvist àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí àwọn tó jẹ lọ́tìrì ní Sweden, tó jáde ní 2020, fi hàn pé bí àwọn tó jẹ owó púpọ̀ bá wo ìgbésí ayé wọn lápapọ̀, ó tẹ́ wọn lọ́rùn ju ti àwọn yòókù lọ, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n lórí bí inú wọn ṣe ń dùn sí, ìyàtọ̀ tí owó mú wá kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọ̀kan ń bi wá pé báwo ni ayé wa ṣe rí. Èkejì ń bi wá pé báwo ni òní ṣe dùn tó. Owó mọ ìdáhùn ti àkọ́kọ́ dáadáa, ó sì ń kólòlò lórí èkejì. Ní 1991, Ed Diener àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ìdí kan tó fi lè rí bẹ́ẹ̀: iye ìgbà tí inú ènìyàn ń dùn ló ń fi ẹni tó láyọ̀ hàn, ju bí ìdùnnú kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó lọ. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ọjọ́ ìṣílé, ká tilẹ̀ fi oyè jíjẹ kún un, wọn kì í tó ogún ní gbogbo ayé ẹnì kan. Oúnjẹ àárọ̀ ẹni tó bá dàgbà tó 70 ọdún ju 25,000 lọ. Ẹni tó bá fi ayọ̀ rẹ̀ dúró de ogún ọjọ́ ńlá yẹn ti jẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọjọ́ kọjá lára òun láìtọ́ wọn wò.

Bí mímọ́ tí nǹkan ń mọ́ni lára bá jẹ́ àìsàn, kí ni oògùn rẹ̀? Àṣà Yorùbá ní ìdáhùn, inú ìwà tí a ń hù lójoojúmọ́ ló sì fi í sí. Nílé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, bí ọmọ bá jẹun tán, yóò kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, yóò ní, "Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà." Òbí á dáhùn pé, "Ó gba ibi ire o." Ẹ kíyè sí i pé oúnjẹ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ lọ́dọ̀ òbí, kì í ṣe ọrẹ. Síbẹ̀, ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, yóò ti dúpẹ́ oúnjẹ ju ìgbà 10,000 lọ kó tó pé ọmọ ọdún 15. Ìgbà tí oúnjẹ bá fẹ́ di ohun tí a ò rí mọ́, ọpẹ́ á tún gbé e síwájú wa. Bákan náà ni oore àná. Ẹni tí a ṣe lóore kì í dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀ nìkan; bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò tún padà wá wí pé ẹ ṣeun àná. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Àwọn kan ka òwe yìí sí ọgbọ́n ìtọrọ, ṣùgbọ́n mo rí ohun mìíràn nínú rẹ̀: ẹni tó bá jí lówùúrọ̀ tí oore àná ṣì wà lójú rẹ̀ ni ojú rẹ̀ là tó láti rí ti òní. Ẹ tún wo ìkómọjáde. Ní ọjọ́ kẹjọ, tí a bá fẹ́ fi ọmọ han ayé, a kì í gbé wúrà tọ́ ọ lẹ́nu wò. Omi, iyọ̀, oyin, epo, obì, orógbó àti ataare ni, ohun tó wà lórí pẹpẹ ìdáná àti lọ́wọ́ alátẹ. Orí wọn ni a ti ń wúre gbogbo ohun tí a fẹ́ kí ayé ọmọ jẹ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ayé kọ́ ọmọ náà, kó tó gbọ́ èdè kankan, ni pé inú ohun kékeré ni ire ń gbà wọlé.

Ẹnì kan lè ní àṣà lásán ni gbogbo èyí, pé ẹnu ni ọmọ fi ń dúpẹ́, ojú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, ìwádìí pàápàá sì gbè é. Robert Emmons àti Michael McCullough jábọ̀ ní 2003 pé àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gbádùn ayé wọn ju àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa kọ ìdààmú wọn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sonja Lyubomirsky àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò ní 2005, àwọn tó ń ka oore wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló rí àǹfààní rẹ̀. Àwọn tó ń kà á lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kò rí i. Ọpẹ́ náà ti mọ́ wọn lára! Nítorí náà, kíka oore nìkan kò tó. Mo gbà pé ohun tó ya ọpẹ́ tó yè sọ́tọ̀ sí èyí tó ti kú ni ẹni tí a ń kọjú sí. Ìwé tí mo kọ fún ara mi kò lè dá mi lóhùn. Ìyá tó ní "Ó gba ibi ire" wò mí lójú kó tó sọ ọ́, bí mo bá sì ń dúpẹ́ láìwo ojú rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ọpẹ́ tí a kọjú rẹ̀ sí ẹnì kan ṣòro láti sọ di àkọ́sórí.

Ẹ jẹ́ ká wá tọ ipasẹ̀ àkàrà lọ. Àkàrà àárọ̀ Sátidé, tí a fi mu ọ̀gì gbígbóná, ìgbádùn tí olówó àti mẹ̀kúnnù jọ ń jẹ ni. Kí ló jẹ́ kó dùn? Ó fúyẹ́, inú rẹ̀ rọ̀, ara rẹ̀ ta. Ìfúyẹ́ yẹn kò sí nínú ẹ̀wà. Ẹnì kan ló rẹ ẹ̀wà náà, tó bó èèpo rẹ̀ títí tó fi funfun, tó lọ̀ ọ́ láìjẹ́ kí omi rẹ̀ pọ̀ jù, tó wá fi apá rẹ̀ pò ó títí afẹ́fẹ́ fi wọ inú rẹ̀, tó sì ru sókè. Bí kò bá pò ó dáadáa, àkàrà náà á ki, á sì le. A jẹ́ pé ohun tí ahọ́n wa ń pè ní adùn, agbára apá ẹlòmíràn ni, àti oorun tí kò sùn tán. Bí ó ti rí nìyí fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbádùn kéékèèké: aṣọ tí a rí ní lílọ̀, omi tí a bá nínú kòkò, ìjókòó tí wọ́n fi sílẹ̀ dè wá, ẹni tó pe fóònù láti béèrè bóyá a ti délé. Ìfẹ́ kì í sábà bá wa sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá nílẹ̀ yìí kò sọ ọ́ lẹ́nu fún ọmọ wọn rí, wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn ṣe é. Ẹni tí kò lójú ohun kékeré, a ń fẹ́ràn rẹ̀, kò mọ̀. Kò sì lè san án padà, nítorí kò mọ̀ pé òun gbà á. Ní 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert jábọ̀ lórí àgbàlagbà 2,250 tí wọ́n ń fi fóònù bi léèrè lóòrèkóòrè ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń rò. Ní ìgbà 46.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ọkàn wọn kò sí nídìí ohun tí wọ́n ń ṣe, inú wọn kì í sì í dùn nígbà náà tó ìgbà tí ọkàn wọn wà níbẹ̀. A lè jókòó ti oúnjẹ ìfẹ́ ká má sí níbẹ̀.

Àwọn kan á ní Ọlọ́run nìkan ni ọpẹ́ tọ́ sí. N kò bá wọn jiyàn lórí ẹni tó ni orísun oore. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbàdúrà ọpẹ́ gígùn lórí oúnjẹ, tí wọ́n sì dìde lórí àga láìkí ẹni tó dáná, ti fo ẹnì kan dá. Hàdíìsì kan tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ dáadáa so méjèèjì pọ̀: ẹni tí kò bá mọ oore ènìyàn, ọpẹ́ rẹ̀ sí Ọlọ́run kò tíì pé.

Àtakò tó wúwo jù ṣì wà níwájú. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní Oṣù Kẹfà 2024, àjọ tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, NBS, sọ pé iye owó oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti Oṣù Kẹfà ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ̀wà tí à ń sọ yìí di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń fojú wò lọ́jà nígbà náà. Ṣé irú àkókò bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa kọ́ ènìyàn pé kó mọyì àkàrà méjì? Ṣé ọ̀rọ̀ tí àwọn alágbára fi ń pa mẹ̀kúnnù lẹ́nu mọ́ kọ́ nìyí? Mo gbà pé wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀, ìwà burúkú sì ni. Ọpẹ́ tí a fi ń bo ìrẹ́jẹ kì í ṣe ọpẹ́, a kò sì jẹ ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu wa ní ẹyọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ìtàn kò fi hàn pé àwọn tó mọyì ohun kékeré ni wọ́n rọrùn láti rẹ́ jẹ. Ìdàkejì rẹ̀ ni mo rí.

Ẹ wo Abẹ́òkúta ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn aṣojú ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà, owó orí sì ń pọ́n wọn lójú. Àwo ìrẹsì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìtàn àwọn ọba. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn obìnrin ọjà gbé tọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ; nígbà tó di 1946, ẹgbẹ́ náà ti di Abeokuta Women's Union, tí oníwèé àti aláìmọ̀wé jọ wà nínú rẹ̀. Wọ́n wọ́de, wọ́n kọrin, wọ́n kọ̀ láti san owó orí. Ní 1948, ìjọba dá owó orí obìnrin dúró. Ní Oṣù Kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá, ọba ìlú náà, fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan. Ẹni tó mọ bí igbá ìrẹsì òun ṣe níyì tó ni kò gbà kí wọ́n gbà á. Ẹni tó ti kọ́ láti fojú tẹ́ńbẹ́lú ojoojúmọ́ ayé rẹ̀, kí ni yóò rí jà fún?

Ẹ̀rí kejì wà ní òdìkejì òkun. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò rí ẹrù kankan dì. Orúkọ, ilé, ẹbí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ àkàrà dé Bahia, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní pẹ̀lú orúkọ acarajé. Ẹ̀wà náà ni, epo pupa náà ni, Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã lọ́hùn-ún, náà ló ni ín. Àwọn ẹrú obìnrin wà tí olówó wọn ń rán jáde lọ máa tajà nígboro. Iye kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú wá fún un, èyí tó bá ṣẹ́kù jẹ́ tiwọn. Nínú ìṣẹ́kù yẹn ni àwọn mìíràn ti tu owó jọ títí wọ́n fi ra ara wọn àti ẹbí wọn padà, kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Brazil ní 1888 tó dé rárá. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bahia sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè náà. Bí ìgbádùn kékeré bá jẹ́ oògùn oorun, àwọn obìnrin yìí ni ì bá kọ́kọ́ sùn. Àkàrà rán wọn létí pé ènìyàn ni wọ́n, ó sì tún fún wọn ní owó tí wọ́n fi gba òmìnira.

Àtakò mìíràn ní ìtẹ́lọ́rùn ń pa ìlépa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ọpẹ́ wọn sílẹ̀ nínú ìwádìí Emmons àti McCullough kò lẹ mọ́ orí àga. Eré ìdárayá pàápàá, wọ́n ṣe é ju àwọn tó ń kọ ìdààmú lọ. Ẹ tún wo ìdí iṣẹ́ ọwọ́. Alákàrà tó fẹ́ràn àkàrà ara rẹ̀ ló máa ń pò ó pẹ́. Èyí tó ka iṣẹ́ náà sí ibi ìdúró-de-ibi-tó-dára-jù ni àkàrà rẹ̀ ń ki. Ẹni tí ń lépa ohun ńlá ní láti mọ ohun kékeré ṣe dáadáa, kò sì sẹ́ni tó ń mọ ohun tí kò fẹ́ràn ṣe dáadáa fún ìgbà pípẹ́.

Ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ńkọ́? Níbi yìí ni mo fẹ́ ká mọ ibi tí ọpẹ́ ń mọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, bí arúgbó bá papò dà, àwọn ọmọ rẹ̀ á dín àkàrà, wọ́n á pín in fún àdúgbò. Ayé tó gbó, tó tọ́, ni wọ́n ń dúpẹ́ fún. Bí ọ̀dọ́ bá kú, ẹnikẹ́ni kì í dáná àkàrà. Àṣà tó kọ́ wa láti dúpẹ́ lórí oúnjẹ kan ṣoṣo náà mọ̀ pé ìgbà kan wà tí a kì í bi ẹ̀dá pé ọpẹ́ rẹ dà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́rùn aládùúgbò: òun ni yóò gbé omi wá, tí yóò bá wọn gbálẹ̀, tí yóò jókòó láìsọ̀rọ̀. Ọpẹ́ kò ṣeé fi ipá gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún, ṣùgbọ́n oore kékeré ṣeé ṣe fún un.

Bí ohun tí mo ti ń sọ bá jẹ́ òótọ́, kò ní parí sí inú ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ìdùnnú bá pọ̀ nínú oúnjẹ àárọ̀, nínú ọ̀rọ̀ àsọrẹ́rìn-ín, nínú kí òbí bá ọmọ lójú oorun, a jẹ́ pé ohun tó ń jí wọn gbé ń jí ayé wa gbé. Òṣìṣẹ́ tó ń ti Ìkòròdú tàbí Ọ̀tà jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí kò sì wọlé títí ọmọ fi sùn, ọpẹ́ nìkan kò lè dá wákàtí rẹ̀ padà. Ọ̀nà tó dára, owó oṣù tó tó ẹ̀wà rà, ọ̀gá tó ń jẹ́ kí ènìyàn lọ sílé lásìkò, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò, kí ẹ tó sọ fáwọn ènìyàn pé kí wọ́n dúpẹ́, ẹ fi àkókò àti ohun tí wọn yóò fi dúpẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí "Ẹ ṣé mà" kú lẹ́nu ọmọ, kí ẹ sì máa wò ó lójú bí ẹ bá ń dá a lóhùn. Ẹ̀yin ọkùnrin, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń jẹun láti kékeré láìbéèrè ẹni tó jí lọ lọ ẹ̀wà, gbèsè tiwa ló pọ̀ jù nílẹ̀. Sísan rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu nìkan, ẹ jẹ́ ká máa gba ọmọrí odó lọ́wọ́ wọn nígbà mìíràn. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, àwọn àgbà ní bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Èyí tó ju ìyẹn lọ ni pé, ẹni tó ń jẹ oore láìmọ̀ ń ja ara rẹ̀ lólè pẹ̀lú, nítorí ìfẹ́ tí wọ́n fún un kò dé ọwọ́ rẹ̀.